Àyè Tó Tín-ín-rín Bí Irun: Kí Ló Dé Tí Tápẹ́ẹ̀tì Ọ̀kadà Fi Gbọ́dọ̀ Ní Àlàfo?

Ẹni tó bá tẹ kíìkì ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù, kí ìgboro tó jí, ohùn méjì ni yóò gbọ́. Èkíní ni ti sàlẹ́ńsà, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ láìfẹ́. Èkejì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ń dún ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ bíi màṣíìnì ìránṣọ tí télọ̀ ń wà. Ohùn kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń gbé tọ mẹkáníìkì lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ariwo yìí."

Ẹni tí kò mọṣẹ́ dé ìdí yóò ṣí orí ẹ́ńjìnnì, yóò fún síkúrúù méjì mọ́lẹ̀ pinpin, ariwo yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọlọ́kadà á sanwó, á tún ṣàdúrà lé e. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀kadà tí kò pariwo mọ́ yìí yóò máa jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná tí a sì pa á lójú ọ̀nà, kò ní gbà kí a tún tẹ̀ ẹ́ jí. Àgbà mẹkáníìkì ní tirẹ̀ yóò tẹ́tí sí i, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní: "Ẹ máa gbé e lọ fún òní, bàbá. Láàárọ̀ ọ̀la, kó tó gbóná rárá, ẹ gbé e wá ká wọ̀n ọ́n."

Kí ló fẹ́ wọ̀n? Àlàfo ni: àyè kan tó wà láàárín irin méjì lórí ẹ́ńjìnnì, tí kò nípọn ju irun orí lọ. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Ìbéèrè tí orí ìwé yìí fẹ́ dáhùn nìyí: kí ló dé tí irin méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò gbọdọ̀ fara kanra nígbà tí wọ́n bá ń sinmi? Nígbà tí a bá sì ti mọ ìdí rẹ̀, ṣé a lè wọ̀n ọ́n, ká sì tún un ṣe nílé fúnra wa?

Ẹwìrì tí iná wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí ọmọọ̀ṣẹ́ bá fa ẹwìrì sókè, afẹ́fẹ́ a wọlé. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ a jáde lọ bá iná. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà náà ẹwìrì ni, àmọ́ inú ara rẹ̀ ni iná rẹ̀ wà. Ihò róbótó tó ń mí nínú rẹ̀ là ń pè ní sílíńdà. Písítìnì ni irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà náà, bí ọmọ odó nínú odó.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni písítìnì ń gbé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́. Nínú ìfàmu, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa àdàlù afẹ́fẹ́ àti epo bẹntiróòlù wọlé. Nínú ìfúnpọ̀, ó gòkè, ó fún àdàlù náà pọ̀ mọ́ òrùlé sílíńdà títí ibẹ̀ fi há. Nínú ìjó, púlọ́ọ̀gì ṣẹ́ná, àdàlù gbiná, ooru náà sì ti písítìnì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìgbésẹ̀ yìí nìkan ló ń gbé èrò gun òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, àwọn mẹ́ta yòókù ń sìn ín ni. Nínú ìtújáde, písítìnì tún gòkè, ó lé èéfín jáde sí sàlẹ́ńsà. Ará Jámánì kan, Nikolaus Otto, ló mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí ní ọdún 1876, títí dòní sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti mọ́tò ṣì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí: ìfàmu ń fẹ́ ọ̀nà àbáwọlé, ìtújáde ń fẹ́ ọ̀nà àbájáde. Méjì yòókù, ìfúnpọ̀ àti ìjó, ń fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀kùn tì pa, kí atẹ́gùn má ráyè yọ, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó ń tẹ ẹwìrì tó lu mọ̀ bó ṣe ń rí: ọwọ́ á ro ó, iná ò sì ní ràn.

Olú irin méjì

Fáàfù ni orúkọ àwọn ilẹ̀kùn náà. Ẹ ronú olú tí a fà tu nínú oko lásìkò òjò: orí rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, igi rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ gùn. Bí fáàfù ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé irin líle ni. Nínú ọ̀kadà kékeré, méjì ló máa ń wà. Fáàfù àbáwọlé wà níhà kábúrétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ àti epo ti ń dà pọ̀. Fáàfù àbájáde wà níhà ibi tí sàlẹ́ńsà ti bẹ̀rẹ̀. A dorí àwọn méjèèjì kodò, orí olú náà sì bo ẹnu ihò láti inú. Òrùka irin tí etí rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí la máa pè ní ìjókòó fáàfù. Sípíríǹgì líle kan ń fà á sókè nígbà gbogbo kó lè jókòó dáadáa. Kó tó lè ṣí, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti ìdí igi rẹ̀ sísàlẹ̀, kó sì borí agbára sípíríǹgì náà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń pa dé, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Kí èèyàn tó kí ará ilé pé "Ẹ kú ilé o" tán, ilẹ̀kùn yìí ti ṣí ní àádọ́ta ìgbà, ó sì ti jókòó padà ní àádọ́ta ìgbà.

Jíjókòó yẹn ṣe pàtàkì ju bí ojú ti ń rí i lọ. Iná ń jó lójú fáàfù àbájáde, èéfín gbígbóná sì ń gba etí rẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ lè gbóná ju dígírì 600 lọ. Kí ló wá dé tí kì í jó? Ìdí ni pé gbogbo ìgbà tó bá jókòó ló ń gbé ooru rẹ̀ fún ìjókòó, ìjókòó a gbé e fún orí ẹ́ńjìnnì, orí ẹ́ńjìnnì a sì gbé e fún afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára àwọn abẹ́bẹ́ irin tó yí i ká. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àsìkò rẹ̀ ni fáàfù fi ń jókòó. Ìsinmi yẹn ni omi tútù tirẹ̀.

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn?

Irin kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí kókó wà lára rẹ̀, bí igi tó yọ kókó níbì kan. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní kámù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀pá oníkókó. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yí nígbà tí ọ̀pá ńlá ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìgbésẹ̀ mẹ́rin jẹ́ yíyí méjì, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú wọn. Bí kókó náà bá dé òkè, yóò ti ohun tó wà lórí rẹ̀; bó bá kọjá, ohun náà á sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kadà kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: Honda CG125, tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1976, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà sì ti ṣe irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láìmọye. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é fún ojú ọ̀nà tí kò dára, àti fún àwọn tó lè má tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Nítorí náà, wọn kò gbé ọ̀pá oníkókó sókè orí ẹ́ńjìnnì, níbi tí yóò ti máa retí ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, tí yóò sì nílò ṣéènì gígùn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí, nítòsí ọ́ìlì. Kókó kan ṣoṣo ló sì ní, tó ń ṣiṣẹ́ fún fáàfù méjèèjì.

Báwo ni kókó tó wà nísàlẹ̀ yóò ṣe ti ilẹ̀kùn tó wà lókè? Ọ̀pá ìtìsókè méjì, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá abùradà, ló ń gbé iṣẹ́ náà gòkè. Lókè, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pàdé irin kan tí ń jẹ́ rọ́kà. Rọ́kà dà bí pákó tí àwọn ọmọdé gbé lé òkúta, tí wọ́n jókòó sí orí rẹ̀ méjèèjì: bí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì a lọ sísàlẹ̀. Ọ̀pá ti orí kan rọ́kà sókè, orí kejì sì tẹ ìdí igi fáàfù mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ní orí kejì yìí ni síkúrúù kékeré kan wà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó dì í mú kó má yí. Òun ni tápẹ́ẹ̀tì tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ. Àlàfo tí à ń wá wà láàárín ẹnu síkúrúù yẹn àti ìdí igi fáàfù.

Irin pẹ̀lú ń wú

Ẹni tó bá ti gbé ilé onílẹ̀kùn pákó rí yóò ti rí i: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀kùn ń ṣí wẹ́rẹ́, bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pákó a mumi, a wú, a há sí férémù, àfi ká fi èjìká tì í. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà tó gbọ́n kì í gé ilẹ̀kùn kó bá férémù mu pátápátá. Ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ òjò.

Òjò ti irin ni ooru. Irin tí a bá yá níná a máa gùn sí i. Irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, bí ooru rẹ̀ bá fi dígírì 100 lé sí i, yóò gùn sí i ní nǹkan bí mìlímítà 0.12. Ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń fi àlàfo sáàárín irin ojú ọ̀nà rélùwéè láyé àtijọ́, irú èyí tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1901. Àlàfo yẹn wà lára ohun tó ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rélùwéè máa dún bí ìlù.

Igi fáàfù náà ń gùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bó bá gùn tí rọ́kà sì ti wà lé e lórí ṣinṣin tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó máa gùn sí àfi ìsàlẹ̀. Èyí já sí pé orí olú yóò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn yóò sì wà ní ṣíṣí nígbà tó yẹ kó tì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan bá tutù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àyè ìwú.

Òǹkàwé tó gbọ́n lè béèrè pé: bí sẹ̀ǹtímítà 10 irin bá lè gùn ní mìlímítà 0.12 pẹ̀lú dígírì 100 péré, ṣé mìlímítà 0.08 tí ìwé CG125 ní ká fi sílẹ̀ á tó? Ó tó, nítorí kì í ṣe fáàfù nìkan ló ń gùn. Orí ẹ́ńjìnnì tó gbé e dání jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, alumíníọ́ọ̀mù sì ń wú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Bí fáàfù ṣe ń gùn lọ bá rọ́kà, bẹ́ẹ̀ ni ilé tó so rọ́kà mọ́lẹ̀ ń gbé rọ́kà sókè. Àyè ìwú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyàtọ̀ tó bá kù láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti dán an wò, wọ́n ti ṣírò rẹ̀, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tó bá ọ̀kadà wá. Iye tó wà nínú ìwé ọ̀kadà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má ṣe gbé ti ọ̀rẹ́ yín lò. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, fáàfù àbájáde ń gba àyè ju àbáwọlé lọ, nítorí pé èéfín ló ń wẹ̀, nígbà tí àdàlù tútù ń fọ ojú ti àbáwọlé.

Èwo ló burú jù: ariwo ni tàbí ìdákẹ́jẹ́?

Bí àyè bá pọ̀ jù, rọ́kà yóò kọ́kọ́ rin ìrìn òfo kó tó kan fáàfù, yóò sì gbá a bí òòlù. Ohun tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀kùn yóò pẹ́ kó tó ṣí, yóò tètè pa dé, kò sì ní ṣí tó bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì kò ní mí kanlẹ̀, agbára rẹ̀ á dín. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu síkúrúù àti ìdí fáàfù á máa jẹ. Ìyà ni, ṣùgbọ́n ìyà tó ń kígbe ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ ọ.

Bí àyè bá kéré jù, kò sí ariwo kankan. Láàárọ̀, ó lè jí dáadáa. Bó bá gbóná, fáàfù a gùn, àyè a tán, etí olú a gbéra lórí ìjókòó. Nígbà náà, nǹkan méjì yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àdàlù tí písítìnì ń fún pọ̀ yóò máa yọ jáde, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tó gbóná kò ní fẹ́ jí, bó bá sì jí, kò ní dúró jẹ́ẹ́ bí a kò bá máa fún un ní epo sí i. Èyí tó burú jù ni pé fáàfù àbájáde pàdánù ìsinmi rẹ̀: kò ráyè gbé ooru fún ìjókòó mọ́, iná sì ń gba àlàfo tín-ín-rín yẹn kọjá bí iná alájórin. Etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á là, á jẹ. Àtúnṣe ìyẹn kì í ṣe ti síkúrúù mọ́. Orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ fáàfù.

Àyè yìí kì í dúró sójú kan, ohun tó sì ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún yàtọ̀ síra. Ẹnu síkúrúù, rọ́kà àti kókó tó ń jẹ ń mú kí àyè fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n etí fáàfù àti ìjókòó rẹ̀ náà ń jẹ, nítorí ìgbà 50 tí wọ́n ń pàdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí wọ́n ṣe ń jẹ, fáàfù ń wọ inú orí ẹ́ńjìnnì lọ, ìdí igi rẹ̀ ń sún mọ́ rọ́kà, àyè sì ń dín kù láìdún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká dúró de ariwo ká tó wọ̀n ọ́n. Ọ̀kadà tó dákẹ́ jù lè jẹ́ èyí tó ń jó nínú.

Wíwọ̀n àti títún un ṣe nílé

Àwọn irinṣẹ́ kò pọ̀: sípánà púlọ́ọ̀gì, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì tápẹ́ẹ̀tì mu, ohun tí a óò fi yí síkúrúù rẹ̀, àkísà mímọ́, àti fílà gééjì. Fílà gééjì yìí kì í ṣe fìlà tí à ń dé sórí o. Ewé irin pẹlẹbẹ ni, tí a so pọ̀ bí ìwé kékeré, tí a sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó sí i lára: 0.05, 0.08, 0.10 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ìwọ̀n ni mo ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má fi bébà rọ́pò rẹ̀. Bébà ń rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, irin kì í rọ̀.

Èkíní, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà láàárọ̀. Ìwọ̀n 0.08 tí ìwé sọ, ti irin tó tutù ni. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní gbígbóná ti fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn gé ilẹ̀kùn òjò.

Èkejì, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, ẹ gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè yí láìnira. Ẹ kọ́kọ́ nu ìdọ̀tí àyíká orí ẹ́ńjìnnì kúrò. Eruku tó bá bọ́ sínú rẹ̀ yóò di yanrìn nínú ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ìdérí rọ́kà. Nínú àwọn ọ̀kadà mìíràn, ọmọrí kéékèèké méjì ni, ọ̀kan fún fáàfù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá òkè téńté. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kí ìwọ̀n wa lè jẹ́ òótọ́, kókó kò gbọdọ̀ ti rọ́kà kankan. Fáàfù méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó. Ìyẹn máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí písítìnì bá dé òkè téńté ní ìparí ìfúnpọ̀. Níhà òsì ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ìdérí, àgbá tó ń ṣe iná ọ̀kadà wà níbẹ̀, a sì gbẹ́ lẹ́tà T sí i lára, pẹ̀lú ìlà kan. Bí ìlà T bá dọ́gba pẹ̀lú àmì tó wà lára ilé rẹ̀, písítìnì wà lókè téńté. Ẹ má ṣe ṣì í pè: lẹ́tà F tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́ná púlọ́ọ̀gì, kò kàn wá níbí. Nínú Honda kékeré, òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni a ń yí i. Bí ẹ kò bá ní sípánà tó lè yí i, ẹ fi ọ̀kadà sí jíà tó ga jù, kí ẹ sì rọra yí táyà ẹ̀yìn lọ síwájú pẹ̀lú ọwọ́.

Písítìnì ń dé òkè téńté lẹ́ẹ̀mejì nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin: ní ìparí ìfúnpọ̀ àti ní ìparí ìtújáde. T yóò hàn nígbà méjèèjì! Ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ báyìí: ẹ fi ìka méjì di rọ́kà kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ mì ín. Bí àwọn méjèèjì bá ń mì díẹ̀, tí ẹ sì ń gbọ́ "kẹ́-kẹ́," ẹ ti dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá le gan-in, ìparí ìtújáde ni ẹ wà. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì yípo kan sí i, kí T tún padà wá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ti ewé 0.08 bọ àárín ẹnu síkúrúù àti ìdí fáàfù. Bó bá wọlé tó sì ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìfà díẹ̀, bí ìgbà tí a ń fa owó bébà yọ láàárín ìwé tí a pa dé, àyè náà pé. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ dán ewé 0.10 wò: kò yẹ kó wọlé. Ẹ dán 0.05 wò: ó yẹ kó máa yọ̀ lọ láìkan nǹkankan. Bí ìdáhùn ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ẹ má fọwọ́ kan síkúrúù. Iṣẹ́ ti parí lórí fáàfù yẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá wọ̀n ló ń fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ̀karùn-ún, bí kò bá pé, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kí ẹ fi ewé ìwọ̀n sáàárín, kí ẹ yí síkúrúù títí ẹ ó fi ní ìfà tó yẹ. Ẹ di síkúrúù mú kó má yí, kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì. Ẹ fún un dé ibi tó le, kì í ṣe dé ibi tí yóò já. Nọ́ọ̀tì a máa fẹ́ gbé síkúrúù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán. Ẹni tó bá rí i pé òun tú u, tí òun tún un fún ní ìgbà mẹ́ta kó tó bọ́ sí i, kó má bínú. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ìfun èèrà gan-an ni à ń wá níbí.

Ẹ̀kẹfà, ẹ yí ẹ́ńjìnnì yípo méjì, kí ẹ padà sí òkè téńté ti ìfúnpọ̀, kí ẹ sì tún fáàfù méjèèjì wọ̀n. Bí ìwọ̀n bá dúró, ẹ dá ìdérí padà. Bí rọ́bà tàbí gásíkẹ̀ẹ̀tì rẹ̀ bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ́ìlì má baà máa jò. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ tẹ kíìkì. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kékeré, tó dọ́gba, kò burú. Ohùn àyè ìwú ni.

Èyí tí kò kàn, àti ìgbà tó yẹ

Kì í ṣe gbogbo ọ̀kadà ló ní tápẹ́ẹ̀tì. Jincheng AX100 àti irú rẹ̀ jẹ́ onígbésẹ̀ méjì: kò ní olú irin wọ̀nyí, písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń bo ihò ara sílíńdà, tó sì ń ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí a gba owó tápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òun lórí irú rẹ̀. Àwọn alùpùpù ńlá kan sì wà tí kò ní síkúrúù lórí fáàfù. Owó irin pẹlẹbẹ tí ìnípọn rẹ̀ yàtọ̀ síra ni wọ́n ń pààrọ̀. Wíwọ̀n tiwọn ṣeé ṣe nílé, ṣùgbọ́n kí a fi àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Fún ọ̀kadà kékeré, nǹkan bí kìlómítà 4,000 ni ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì. Fún ẹni tó ń gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́ nìkan, ìyẹn lè gba oṣù púpọ̀. Ọlọ́kadà tó bá ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́ yóò dé ibẹ̀ ní ogójì ọjọ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà, àti ohun tí ewé ìwọ̀n sọ nípa fáàfù kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ti àbájáde ń dín kù nígbà gbogbo tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ìjókòó fáàfù ń jẹ, ẹ sì ti mọ̀ kó tó di pé ọ̀kadà dá yín dúró sójú ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá tún gbé ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má sọ fún un pé kó bá yín pa ariwo. Ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, èló ni ẹ bá a níbẹ̀, èló lẹ sì fi í sí?" Bí kò bá mú fílà gééjì jáde, ẹ jẹ́ kó dá ìdérí rẹ̀ padà, kí ẹ máa gbé ọ̀kadà yín lọ.